Ṣọ́fà tí mo ní kí wọ́n bá mi ṣe bàjẹ́ láàrin oṣù mẹ́jọ: ta ló yẹ kó sanwó?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ló ká mi lára, mo sì fẹ́ gba ìmọ̀ràn lé e lórí kí n tó ṣe ohun tí màá padà kábàámọ̀.

Nígbà tí a kó dé ilé tuntun lọ́dún tó kọjá, ọkọ mi ní ká má ra àga inú ṣọ́ọ̀bù, ká jẹ́ kí wọ́n bá wa ṣe èyí tó bá pálọ̀ wa mu. Wọ́n júwe ọ̀gá kan fún wa ládùúgbò. Ó wá wọn pálọ̀, ó fi àwòrán hàn mí lórí fóònù, a ná an títí ó fi já sí ₦620,000 fún àga ẹlẹ́ni-méje. Mo san ₦400,000 sílẹ̀, mo sì san ìyókù lọ́jọ́ tó gbé e dé. Gbogbo ẹni tó wọlé lọ́jọ́ náà ló ń bá mi yọ̀.

Nígbà tó di oṣù kẹta, ìjókòó àárín bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, bí èèyàn bá jókòó lórí èyí tó gùn, á máa dún kéékéé. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí, ibi tí a ń gbé orí lé sì ti ń bó. Kò ya o, ó ń bó ni, bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà sí. Àwọn ọmọ á jókòó, wọ́n á dìde, ohun dúdú wẹ́wẹ́ á ti lẹ̀ mọ́ aṣọ ilé-ìwé wọn lẹ́yìn.

Mo pe ọ̀gá náà. Kò bú mi, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó wá, ó wò ó, ó ní àwọn ìbejì ló ń fò lórí rẹ̀, àti pé èmi fúnra mi ni mo yan lẹ́dà olówó pọ́ọ́kú. Ó ní kí n mú ₦140,000 wá kí òun bá mi tún un ṣe. Òótọ́ ni pé ó fi lẹ́dà méjì hàn mí, tí mo sì mú èyí tí owó rẹ̀ dín. Òótọ́ ni pé mo ní ìbejì, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ó rí wọn nílé nígbà tó wá wọn pálọ̀! Ṣé àga tí ọmọ ọdún mẹ́fà ò ní jókòó lé ni mo ní kó ṣe?

Ọkọ mi ní kí n gbé e sọnù, ká ra òmíràn. Mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Owó àjọ tí mo fi ọdún kan àtààbọ̀ dá ni. Ta ló yẹ kó sanwó àtúnṣe yìí?

Káfíńtà Abẹ́òkúta

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Láti 1998 ni mo ti ń fi iṣẹ́ yìí jẹun. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ ná. Rírì, dídún àti bíbó, àrùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹni tó jẹ̀bi wọn. Bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ pé “ṣọ́fà mi bàjẹ́”, òun náà á kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ pé “ọmọ yín ló bà á jẹ́”, ẹjọ́ ò ní tán.

Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan bá yín dojú àga náà dé. Ẹ óò rí aṣọ dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi bo abẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣí i ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú.

Ẹ wo bẹ́líìtì rọ́bà tí wọ́n nà sábẹ́ ìjókòó. Ó yẹ kí àwọn kan wá láti iwájú lọ sẹ́yìn, kí àwọn mìíràn gba àárín wọn kọjá láti ọ̀tún sí òsì, bí ìgbà tí wọ́n hun ẹní. Bó bá jẹ́ pé apá kan ṣoṣo ni wọ́n nà án sí, tí àlàfo ńlá wà láàrin wọn, apá kan ìdí rírì nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo igi. Ṣé èèpo ṣì wà lára rẹ̀? Ṣé ihò wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀ bí ojú abẹ́rẹ́, tí ìyẹ̀fun bí àtíkè ń jáde? Arère àti àwọn igi funfun bẹ́ẹ̀ fúyẹ́, owó wọn sì dín, ṣùgbọ́n kòkòrò fẹ́ràn wọn bí wọn ò bá kun oògùn sí wọn. Ẹ tún wo ibi tí igi méjì ti pàdé: ṣé wọ́n gbẹ́ ọ̀kan wọ inú èkejì, tí wọ́n fi àtè sí i, àbí ìṣó nìkan ni wọ́n fi kàn án? Igi tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti sọ́míìlì dé, bí ọyẹ́ bá fẹ́ sí i, á gbẹ, á sì dín kù. Ìṣó tó há gádígádí tẹ́lẹ̀ á wá rí àyè mì. Ibẹ̀ ni “kéékéé” ti ń wá.

Ó ku fóòmù. Ẹ ṣí ṣípù tìmùtìmù kan, ẹ yọ fóòmù inú rẹ̀, ẹ gbé e lọ sórí ìwọ̀n. Ká ní ó jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà lọ́nà 60, tó sì nípọn ní 15. Ìyẹn já sí 0.054 tí ẹ bá fi mítà ṣe é, mítà lọ́nà mítà lọ́nà mítà. Fún ìjókòó tí èèyàn ń lò lójoojúmọ́, èmi kì í lo fóòmù tí mítà kan rẹ̀ lọ́nà mẹ́ta bẹ́ẹ̀ ò tó kílò 28. Nítorí náà, tìmùtìmù yẹn ò gbọdọ̀ fúyẹ́ ju kílò kan àtààbọ̀ lọ. Ẹ kíyè sí i o: bí ẹ bá rí i pé èérún fóòmù aláwọ̀ oríṣiríṣi ni wọ́n tẹ̀ pọ̀, ìyẹn lè wúwo dáadáa, kò sì ní kó máà yọ yín lẹ́nu, nítorí náà ẹ fi ojú wò ó pẹ̀lú.

Ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí káfíńtà mìíràn fọwọ́ kàn án o.

Jagun Mushin

Ìyá Ìbejì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìṣirò dà yín lọ́kàn rú. Ẹ mú ọlọ́pàá méjì lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin yẹn. Bó bá sùn sí àgọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan, á wá owó yín jáde. Bí mo ṣe gba owó wọ́dúróòbù tèmi nìyẹn.

Lọ́yà Ìkẹjà

Ẹ̀gbọ́n wa láti Mushin, mo mọ̀ pé inú ló ń bí yín, ṣùgbọ́n ẹ má fún un ní ìmọ̀ràn yẹn. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ gbangba pé wọn ò gbọdọ̀ mú èèyàn tìtorí pé àdéhùn yẹ̀ láàrin òun àti ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá tì í mọ́lé, ó lè gba kọ́ọ̀tù lọ, kó sì jẹ́ Ìyá Ìbejì ni wọ́n á máa bi léèrè. Ẹni tó ni ẹ̀tọ́ á wá di ẹni tó ń tọrọ àforíjì.

Ohun tí òfin fún un tó láti jà fún láìsí ọlọ́pàá. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, FCCPA 2018, ní ọjà tí èèyàn bá tà gbọ́dọ̀ wúlò fún ohun tí wọ́n rà á fún, kó dára, kó sì pẹ́ dé ìwọ̀n tó bójú mu bí wọ́n bá ń lò ó bó ṣe yẹ. Wọn ò kọ iye oṣù sínú òfin fún àga tàbí kọ́tìnnì. Wọ́n á wo irú ohun tó jẹ́ àti bí wọ́n ṣe lò ó. Ohun tó tún wà nílẹ̀ láti ayé òfin ọjà títà ti 1893 tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni pé, bí oníbàárà bá sọ ohun tó fẹ́ fi nǹkan ṣe, tó sì gbára lé ìmọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹni yẹn ló gbọ́dọ̀ rí i pé ó bá a mu. Ìyá Ìbejì, ẹ ní ó rí àwọn ọmọ nílé nígbà tó wá wọn pálọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo gan-an. Ẹ má gbàgbé láti kọ ọ́ sínú lẹ́tà yín.

Bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́tà. Ẹ kọ ọ́ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ san owó, ọjọ́ tó gbé e dé, ohun tó bàjẹ́ àti oṣù tó bàjẹ́, ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣe àti ọjọ́ tí ẹ fún un. Ẹ fi fọ́tò tì í. WhatsApp náà tó, tí ẹ bá ti rí i pé ó kà á. Ẹ fún un láyè kó tún un ṣe fúnra rẹ̀ ná, nítorí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi yín níbikíbi tí ẹ bá lọ ni pé, “Ṣé ẹ ti sọ fún un?” Bí kò bá dáhùn, ẹ lè fi ẹjọ́ sun FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Fún àwọn tó wà ní Èkó: a ní LASCOPA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń dáàbò bo oníbàárà, a ní ibi ìlàjà ti ìjọba tí wọ́n ń pè ní Citizens’ Mediation Centre tí wọn kì í gba kọ́bọ̀, a sì ní kọ́ọ̀tù ẹjọ́ kéékèèké tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, fún gbèsè tí kò ju ₦5,000,000 lọ. Ẹ lè ro ẹjọ́ yín níbẹ̀ láìgba lọ́yà, wọ́n sì fẹ́ kí ẹjọ́ máa parí láàrin ọgọ́ta ọjọ́. Ṣùgbọ́n owó pàtó ni wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ lé lórí níbẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ lè sọ pé “iye báyìí ni”, kí ẹ sì ti kọ lẹ́tà bèèrè owó náà tẹ́lẹ̀.

Ìyá Àdúkẹ́, Ìlọrin

Tèmi ò tó ti Ìyá Ìbejì, kọ́tìnnì ni. Èmi fúnra mi ni mo lọ ra aṣọ ní Gbági, mo gbé e fún télọ̀ pé kó bá mi rán an fún fèrèsé mẹ́rin. Ó rán an dáadáa, ó kan ilẹ̀. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó gòkè tó ìbú ọwọ́ méjì! Fèrèsé ń wo ìta bí ọmọ tí ṣòkòtò rẹ̀ kúrú.

Mo ní kó san owó aṣọ. Ó ní òun kọ́ ló ra aṣọ. Àwa méjèèjì lọ bá ìyá kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ìránṣọ. Ìyá bi í pé, “Nígbà tí wọ́n gbé aṣọ dé, ṣé o fọwọ́ kàn án, o sì mọ̀ pé ó máa sún kì?” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun mọ̀. “Kí ló dé tí o ò fi sọ fún wọn kí wọ́n fi omi yọ ọ́ kí o tó rán an?” Kò rí èsì fọ̀. Ìyá ní kó dá owó iṣẹ́ rẹ̀ padà fún mi, kí èmi gba owó aṣọ mọ́ra. Mo gbà. Ó wá bá mi fi aṣọ mìíràn lé ìsàlẹ̀ rẹ̀, kò gba owó. Títí dòní òun ló ń ránṣọ fún mi.

Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin lẹ yan lẹ́dà, mo gbà. Ṣùgbọ́n kí ló sọ fún yín nígbà tí ẹ ń yàn án? Ibẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n Peckham

Mo fi ti wa kún un, nítorí ọ̀pọ̀ àwa tí a wà lókè òkun ló ń ṣe irú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n ṣe kábínẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná fún ilé mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àbúrò mi ló ń bá mi bójú tó o. Wọ́n ya fídíò ránṣẹ́, ó ń dán, mo san gbogbo owó tó kù. Kí oṣù mẹ́rin tó pé, ìsàlẹ̀ kábínẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ síǹkì ti wú bíi búrẹ́dì tó já sínú tíì. MDF ni wọ́n lò, fọ́nrán igi wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi àtè tẹ̀ pọ̀. Omi ni ọ̀tá rẹ̀.

Káfíńtà ní páìpù pọ́ńbà ló ń jò. Pọ́ńbà ní káfíńtà ló lo pákó tí ò dáa. Nígbà tí mo dé fún ọdún Ojúde Ọba, mo gbé àga kan, mo jókòó síwájú síǹkì náà, mo ṣí omi, mo ń wò. Òótọ́ ni, omi ń kán ní oríkèé páìpù, ẹ̀kán kan ní bí ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n ihò tí káfíńtà gbẹ́ kí páìpù lè kọjá, kò fi nǹkan kan dí etí rẹ̀. Bí ó ṣe fi ayùn gé e náà ló ṣe wà. Gbogbo ẹ̀kán omi ló ń wọ inú pákó lọ tààrà. Wọ́n jọ jẹ̀bi ni. Pọ́ńbà tún páìpù ṣe láìgba owó, káfíńtà fi marine board, pákó tí omi kì í tètè bà jẹ́, pààrọ̀ ìsàlẹ̀ náà, èmi san owó pákó. Kí ló dé tí mo fi san owó pákó? Nítorí pé mo ti san owó tán kí ẹnikẹ́ni tó ṣí omi nínú ilé yẹn. Àbúrò mi ti fọwọ́ sí i pé ó dáa. Láti ìgbà náà, ìdá kan nínú márùn-ún owó iṣẹ́ kì í kúrò lọ́wọ́ mi, àfi tí wọ́n bá ti lo nǹkan náà fún oṣù kan.

Níbí ní ìlú ọba, òfin oníbàárà ti 2015 ní bí nǹkan bá bàjẹ́ láàrin oṣù mẹ́fà, ẹni tó tà á ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé kò ní àbùkù nígbà tó kúrò lọ́wọ́ òun. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ṣe é fún ìwọ̀n tìẹ nìkan, o ò lè dá a padà pé ọkàn rẹ yí, ṣùgbọ́n bó bá ní àbùkù, ẹ̀tọ́ rẹ kò yẹ̀. Ó wù mí kí gbogbo oníṣẹ́ wa nílé mọ ìyàtọ̀ méjì yẹn.

Onítìmùtìmù Òṣogbo

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Obìnrin ni mí, ṣọ́fà ni mo ń ṣe, mo sì fẹ́ sọ tẹnu àwa oníṣẹ́. Mo gba gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa igi, bẹ́líìtì àti fóòmù. Oníbàárà ò rí inú àga. Ohun tí kò rí, kò lè yàn án, tiwa ni.

Ṣùgbọ́n lẹ́dà yàtọ̀. Lẹ́dà wà níta, oníbàárà fọwọ́ kàn án, ó mú èyí tó fẹ́. Ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe máa ń ná wa tó. A ti dá iye, èèyàn á tún padà wá pé ká yọ ₦50,000 kúrò. Níbo ni a ó ti yọ ọ́? Igi ni àbí lẹ́dà? Bó bá wá bàjẹ́, a di olè.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ̀ nìyí: lẹ́dà tó ń bó yẹn kì í ṣe awọ ẹran. Aṣọ ni wọ́n fi ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò lójú. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ẹ óò rí aṣọ. Ooru, ọ̀rinrin, òógùn àti ìpara irun ló ń jẹ ike yẹn títí á fi kúrò lára aṣọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ibi orí àti ibi ọwọ́ ló kọ́kọ́ máa ń bó. Kò sí bí èèyàn ṣe lè tún un ṣe kó dára. Ẹ kàn máa pààrọ̀ rẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, níbo lẹ gbé àga náà sí?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Àbúrò mi, mi ò bínú. Abẹ́ fèrèsé ni. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń kàn án, mi ò sì ronú nípa rẹ̀ rí. Àwọn ọmọ náà sì ń fi orí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ìpara sí gbé lé e.

Káfíńtà Abẹ́òkúta

Onítìmùtìmù, ọ̀rọ̀ rẹ dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n mi ò gbà á tán. Ìwọ ló mọ̀ pé ike ni, oníbàárà ò mọ̀. Ó gbà pé “lẹ́dà” ni lẹ́dà. Bí ìwọ bá ti sọ fún un pé, “Mà, èyí á bó láàrin ọdún kan, pàápàá níbi tí oòrùn bá ti kàn án,” tó sì ní kó o lò ó bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹ̀bi di tiẹ̀. Bó o bá dákẹ́ nítorí kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ rẹ, o ti bá a pín in.

Ohun tí èmi máa ń ṣe nìyí. Bí wọ́n bá ná mi kọjá ibi tí mo lè dé, mo máa ń kọ ohun tí mo yọ sórí rìsíìtì: “Oníbàárà ní kí n lo fóòmù tó kéré,” tàbí “Lẹ́dà yìí lè bó.” Àwa méjèèjì á fọwọ́ sí i. Ìdajì wọn ló máa ń sọ nígbà tí wọ́n bá kà á pé, “Rárá o, ẹ lo èyí tó dáa.”

Onítìmùtìmù Òṣogbo

Bàbá, mo gba ìyẹn. Láti ọ̀la màá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ṣe bí ẹ ṣe wí. Èmi àti ọmọ aládùúgbò la jọ dojú àga dé lálẹ́ àná. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí.

Bẹ́líìtì mẹ́ta ló wà lábẹ́ ìjókòó àárín, láti iwájú sẹ́yìn. Kò sí ẹyọ kan tó gba ọ̀nà kejì. Ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti já kúrò ní ojú ìṣó. Igi ò ní kòkòrò, ẹ bá mi dúpẹ́, ṣùgbọ́n èèpo ṣì wà lára ọ̀pá tó gbé àga gígùn náà ró, ìṣó nìkan ló sì mú oríkèé rẹ̀. Nígbà tí mo fọwọ́ mì í, ó dún bó ṣe máa ń dún gan-an, ohùn kan náà.

Fóòmù: mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́ran tó wà lójú títì wa, ó bá mi gbé e sórí ìwọ̀n rẹ̀. 60 lọ́nà 60 lọ́nà 15 ni lóòótọ́, bíi pé Bàbá Abẹ́òkúta wà níbí nígbà tí wọ́n ń gé e. Gíráàmù 920 ló wọ̀n! Ìyẹn já sí kílò 17 sí mítà kan lọ́nà mẹ́ta. Nígbà tí mo fi ẹ̀ṣẹ́ tẹ̀ ẹ́, ojú ẹ̀ṣẹ́ mi ò tètè kúrò níbẹ̀.

Ó ku ti lẹ́dà. Mo padà lọ tẹ́tí sí gbogbo ohùn tó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp nígbà náà. Mo rí i. Mo bi í pé kí ni ìyàtọ̀ méjèèjì, ó ní, “Mà, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, àwọ̀ èyí ló kàn jinlẹ̀ díẹ̀.” Mo ti kọ lẹ́tà báyìí, mo sì fi fọ́tò àti ohùn náà ránṣẹ́ sí i. Mo fún un ní ọjọ́ mẹ́rìnlá.

Lọ́yà Ìkẹjà

Ẹ má pa ohùn yẹn rẹ́ o. Ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọkọ yín pẹ̀lú, fóònù lè sọnù.

Jagun Mushin

Ìyá Ìbejì, mo ti ka ọ̀rọ̀ lọ́yà, mo yọ ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá kúrò nílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mọ bó bá ṣe ń lọ.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ kú àdúrótì. Ọjọ́ kẹsàn-án ló wá, kò sì dá wá. Ó mú ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ wá, bàbá arúgbó kan tó ń rọra rìn. Mo fún wọn ní omi. Bàbá ò jókòó. Wọ́n ní ká dojú àga dé, wọ́n fọwọ́ kan bẹ́líìtì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi èékánná họ èèpo ara igi náà, wọ́n sì tẹ fóòmù. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá yíjú sí ọmọ iṣẹ́ wọn, wọ́n ní, “Ṣé bí mo ṣe kọ́ ọ nìyí?” Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ lórí káàpẹ́ẹ̀tì mi. Mi ò fẹ́ kó dọ̀bálẹ̀, ara mi ò gbà á, mo ní kó dìde.

Ó ṣàlàyé pé nígbà tí iṣẹ́ mi dé, owó fóòmù ti gòkè láàrin ọjọ́ tí òun gba owó sílẹ̀ àti ọjọ́ tí òun lọ sọ́jà, ojú sì ti òun láti padà wá sọ fún mi pé owó ò tó mọ́. Mo gbà á gbọ́. Mo sọ fún un pé ká ní ó sọ ni, mi ò bá wá ₦30,000 kún un, tàbí kí n ní kó yọ àga kan kúrò.

Ibi tí a parí sí nìyí: igi, bẹ́líìtì, fóòmù àti iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo rẹ̀, tiẹ̀ ni, kò gba kọ́bọ̀. Ní ti lẹ́dà, Bàbá ní kí a pín in, nítorí ohùn yẹn wà nílẹ̀, oòrùn fèrèsé náà sì wà nílẹ̀. Mo ra aṣọ àga tó nípọn dípò lẹ́dà fún gbogbo ibi orí àti ibi ọwọ́, ₦48,000. Òun á rán an, á sì fi bò ó lọ́fẹ̀ẹ́. A kọ ọ́ sínú ìwé, Bàbá fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí. A ti gbé àga kúrò lábẹ́ fèrèsé, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kejì báyìí.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń gbé wọn lọ kí pálọ̀ wa má baà ṣófo. Ó dá àga ẹlẹ́nìkan àkọ́kọ́ padà lánàá. Kí n tó jẹ́ kó gbé ìkejì, mo ní kó ṣí ṣípù, a sì jọ gbé fóòmù lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́ran. Kílò kan àti gíráàmù 640. Ẹlẹ́ran bi wá pé ṣé fóòmù la wá ń tà ní ìsọ̀ òun ni. Èyí tó gùn ló máa gbé kẹ́yìn, ó ní Sátidé tó ń bọ̀.